Owó ẹyọ mẹ́fà: kí ló ń sọ, ta ló sì ń sọ ọ́ fún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìgbéyàwó mi ti ń sún mọ́lé, mo sì fẹ́ kí wọ́n ya owó ẹyọ mẹ́fà sára káàdì ìpè wa, torí ìyá àgbà wa sọ pé mẹ́fà ni wọ́n fi ń sọ fún èèyàn láyé àtijọ́ pé ọkàn ẹni ń fà sí i. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi ní irọ́ ni, pé owó lásán ni owó ẹyọ. Pásítọ̀ wa ní nǹkan òrìṣà ni, kí n má dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì wá dá sí i, ó ní òyìnbó kan tó ń jẹ́ Saussure ti sọ pé kò sí àmì tó ní ìtumọ̀ lóun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Kí gan-an ni owó ẹyọ túmọ̀ sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní.

Ìyá àgbà ò parọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ò parọ́, pásítọ̀ náà ò parọ́. Ọ̀rẹ́ yín ló sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn nìkan ni mi ò ní lè dáhùn bí ẹ ṣe bi í, torí pé owó ẹyọ lásán ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìkarahun ni. Owó ẹyọ tí wọ́n kà, tí wọ́n sín sókùn, tí wọ́n kọjú rẹ̀ síbì kan, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé mẹ́fà yẹn káàkiri ná.

Ẹ gbé e lọ sọ́jà nígbà tí wọ́n ṣì ń ná an. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Mẹ́fà níbẹ̀ ò ju èérún lọ. Wọ́n kọjú síra ni o, wọ́n kẹ̀yìn síra ni o, kò kan ìyá ẹlẹ́kọ. Iye ló ń wò. Láti erékùṣù Maldives lójú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ nínú wọn wá, kò sì sí ohun kan lára ìkarahun yẹn tó sọ pé dandan ni kó jẹ́ owó. Nígbà tí ṣílè àti kọ́bọ̀ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkarahun náà ò fọ́, kò ṣá, kò sì fúyẹ́. Àyè tó wà láàárín ọjà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, owó sì kúrò lára rẹ̀.

Ẹ tún gbé e dé iwájú ẹni tó ń dá ẹẹ́rìndínlógún, ìyẹn ẹni tó ń fi owó ẹyọ wádìí lọ́dọ̀ òrìṣà. Mẹ́rìndínlógún ni yóò dà sórí àtẹ, àwọn tó bá ṣí ẹnu sókè ni yóò sì kà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, odù Ọ̀kànràn ni. Mẹ́fà, Ọ̀bàrà ni. Mẹ́jọ, Èjì Ogbè ni. Ẹ ò ní gbọ́ pé ọkàn ẹnikẹ́ni ń fà síbì kan nínú mẹ́fà yẹn, àfi ohun tí Ọ̀bàrà bá wí. Ẹ sì kíyè sí àwọn mẹ́wàá tó dojú délẹ̀. Àwọn náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá ṣa mẹ́wàá náà kúrò lórí àtẹ, tó wá ku mẹ́fà péré tó ṣí ẹnu, kò sí Ọ̀bàrà níbẹ̀ mọ́, ìkarahun mẹ́fà ló kù. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun gbé ètò yìí lọ lódindi. Ní Cuba, dilogún ni wọ́n ń pè é títí dòní, Obara ṣì ni mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn. Ní Brazil, àwọn ìyálórìṣà ṣì ń da búzios, ìyẹn owó ẹyọ. Èdè yí padà mọ́ wọn lẹ́nu, oúnjẹ yí padà, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ pàápàá yí padà, ṣùgbọ́n torí pé ètò náà bá wọn lọ tòun ti gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, mẹ́fà ò sọ ipò rẹ̀ láàárín márùn-ún àti méje nù.

Ibi kẹta ni ti ìyá àgbà yín, ìyẹn àrokò. Ẹ̀fà, fà. Ẹni tó fi mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí òun rán an sí, kí onítọ̀hún náà fà mọ́ òun. Bí ẹni náà bá gbà, mẹ́jọ ni yóò fi fèsì. Ẹ̀jọ, jọ: bó ṣe rí lọ́kàn rẹ ló jọ rí lọ́kàn mi.

Àwọn olólùfẹ́ nìkan kọ́ ló ń lò ó o. Ní 1887, wọ́n tẹ àlàyé àwọn àrokò Ìjẹ̀bú kan jáde ní London, nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀yà àti àṣà ọmọ èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gágun Ìjẹ̀bú kan ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba kan tó wà lẹ́yìn odi. Owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ ẹyẹ kan ni, okùn kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àlàyé náà lọ báyìí. Mẹ́fà: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ wá tẹ̀ lé e, torí pé ìyẹ́ ni wọ́n fi ń nu inú etí: láti ibi tí mo wà yìí, etí rẹ nìkan ni mo lè dé, nítorí náà máa bọ̀ kíákíá kí n fojú rí ọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀gágun ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ò sí níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ mẹ́fà kan náà ni. Fífà ni mẹ́fà mọ̀. Ta ló ń fa ta, kí ló sì ń fà á fún? Ohun tó tẹ̀ lé e lórí okùn àti àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà méjèèjì ló ń parí ìyẹn. Bí ẹ bá tú okùn yẹn, tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan lẹ ní. Ọ̀rọ̀ ọ̀gágun ti lọ.

Ìyẹ́ yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1885, nínú ìwé ìròyìn kan náà, àlùfáà C. A. Gollmer ti kọ nípa àrokò ilẹ̀ wa. Nínú tirẹ̀, owó ẹyọ méjì tòun ti ìyẹ́ ń sọ pé mo fẹ́ rí ọ lójú ẹsẹ̀, fò bí ẹyẹ. Lọ́dọ̀ ọ̀gágun Ìjẹ̀bú, etí ni ìyẹ́. Lọ́dọ̀ Gollmer, ìyára ni. Kò sí ọ̀kan tó ṣì í kà nínú wọn. Àwọn àtẹ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, tí wọ́n ya ìyẹ́ sí apá òsì, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, tí wọ́n ya èédú, tí wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú òun náà, mi ò kà wọ́n sí. Bí ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ṣe ṣe é, bí ẹni pé wọ́n ti kọ ìtumọ̀ mọ́ ìyẹ́ lára látìgbà tí adìyẹ ti hù ú.

Gollmer tún sọ nípa owó ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ okùn. Ìpèníjà ni. Ìka kan ò lè mú owó ẹyọ nílẹ̀. Ìwọ nìkan ò lè fi mí ṣe nǹkan kan. Kí ló jẹ́ kí ẹyọ kan lè sọ bẹ́ẹ̀? Torí pé méjì wà, tí gbogbo ayé sì mọ ohun tí méjì ń sọ. Bí wọ́n bá so méjì pọ̀, tí wọ́n kọjú síra, ẹbí ni wá, ọ̀rẹ́ ni wá, ojú wa ń rí ara wọn. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, àárín ti dàrú, kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Ìkarahun kan náà, iye kan náà, okùn kan náà. Ẹ wo èyí tó wà lápá ọ̀tún títí, ẹ wo tòsì títí, ẹ ò ní rí ìjà tàbí ìrẹ́pọ̀ lára ìkankan. Àárín wọn ló wà.

Ohun tí Saussure ń sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n bí Ferdinand de Saussure ní Geneva, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ní 1857. Lọ́dún tí Gollmer gbé tirẹ̀ jáde yẹn, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Paris ló ti ń ṣe olùkọ́. Láàárín 1907 sí 1911, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Geneva lórí ìmọ̀ èdè lápapọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kú ní 1913 láì sọ ọ́ di ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Bally àti Sechehaye, tí àwọn fúnra wọn ò sí ní kíláàsì yẹn, ló kó ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀ jọ, tí wọ́n tò ó, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1916. Ẹ ò rí i pé àgbọ́sọ ni ìwé tí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e fi ń búra!

Ohun tó gbé kalẹ̀ ò le. Nínú èdè, ó ní, ìyàtọ̀ nìkan ló wà. Ọ̀rọ̀ ò gbé ìtumọ̀ rẹ̀ sínú bí ìgò ṣe ń gbé epo; àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó yí i ká, tí òun kì í ṣe, ni wọ́n pa ààlà fún un. Owó gan-an ló fi ṣàlàyé. Bí o bá ní fránkì márùn-ún lọ́wọ́, ohun méjì lo ní láti mọ̀: pé o lè fi ra iye búrẹ́dì báyìí, àti pé ó ju fránkì kan lọ. Èyí kejì yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ogójì lókùn, àádọ́ta okùn ní ẹgbàá, ò nílò kí Saussure tún un sọ fún òun.

Ó tún ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìmọ̀ kan yóò wà tí yóò máa wo gbogbo àmì tí àwùjọ ń lò, tí èdè yóò kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ọ̀nà ìkọ̀wé, ètùtù, ìkíni, àmì tí ológun ń lò, àmì ọwọ́ àwọn odi. Àrokò ì bá jókòó dáadáa sáàárín wọn. Ohun tó ti ibẹ̀ hù ni wọ́n ń pè ní structuralism, tí a lè pè ní ìmọ̀ ìhun, torí pé bí nǹkan ṣe hun mọ́ra ló ń wá, kì í ṣe ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa tí à ń sọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, nítorí ohùn. Ohùn òkè wa, báwo ló ṣe ga tó? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ wọn ohùn ọmọ kékeré kan, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ bí ọmọ yẹn bá pe "ìgbà", bàbá rẹ̀ ò ní sáré lọ gbé igbá wá. Etí bàbá ò wọn gíga. Ó ń gbọ́ èyí tó wà lókè èkejì rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ẹni kan náà. Onídùndún náà mọ̀ ọ́n. Ìlù kan ń dún kíkẹ̀ ju òmíràn lọ, kò sì dí oríkì lọ́wọ́. Àwọn bíi Trubetzkoy àti Jakobson, àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè ti ìlú Prague, ló gbé ọ̀rọ̀ Saussure wọ inú ìró báyìí, wọ́n sì fi hàn pé ìró kọ̀ọ̀kan nínú èdè ń ṣiṣẹ́ nípa ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Igbá, igbà, ìgbà, a fi àmì sí gbogbo wọn. Igba tó jẹ́ 200, a ò fi nǹkan kan sí i, òfo yẹn sì ni àmì rẹ̀: ohùn àárín ni. Saussure sọ pé ó tó fún èdè kí ohun kan wà níbì kan kí òmíràn má sí níbì kejì. (Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi sí àwọn tó ń kọ Yorùbá láìsí àmì kankan. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n yọ kúrò. Bí àmì ò bá sí lára ẹnikẹ́ni, òfo orí "igba" ò sọ nǹkan kan mọ́.)

Òfo tó ń sọ̀rọ̀ ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Aólẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí mi ò mọ ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson ló kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá tirẹ̀, èyí tó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún 18, àwọn ìjòyè àti Àfọ̀njá, olórí ogun rẹ̀, dìtẹ̀ mọ́ Aólẹ̀. Wọn ò ránṣẹ́ ẹnu sí i. Igbá ni wọ́n gbé ránṣẹ́, wọ́n dé e lórí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Igbá tí wọ́n dé lórí tó wọ ààfin, oúnjẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀bùn, tàbí ìṣákọ́lẹ̀. Gbogbo igbá tó ti wọlé ṣáájú pẹ̀lú nǹkan nínú ló jẹ́ kí èyí tó ṣófo lè sọ̀rọ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé orí ọba ni wọ́n fẹ́ gbé sínú rẹ̀. A ò fẹ́ ọ mọ́. Bí kò bá sí àṣà kí wọ́n máa gbé igbá kíkún wá, igbá òfìfo ì bá kàn jẹ́ ohun tí ìránṣẹ́ gbàgbé sílẹ̀. Lóde òní, àwọn ọmọ wa náà mọ irú òfo yìí. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn lórí WhatsApp, tí àwọ̀ àmì méjèèjì dà bí aró, tí wọn ò fèsì, èsì ti dé.

Aólẹ̀ gbọ́. Johnson ní ó ṣètò ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, ó wá jáde sí gbàgede ààfin tòun ti àwo amọ̀ àti ọfà mẹ́ta. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì gégùn-ún fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ibi tí òun ta ọfà sí ni wọn yóò kó wọn lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn náà ló fọ́ àwo mọ́lẹ̀: "Igbá là á sọ, a kì í sọ àwo, bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ mi ó ṣẹ."

Igbá tó bá fọ́, wọ́n lè sọ ọ́, kí wọ́n fi okùn gán an padà. Àwo amọ̀ tó bá fọ́ ti lọ nìyẹn. Igbá ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀; ó wá àwo láti fi dáhùn. Bó bá jẹ́ àwo nìkan ló fọ́ láì mẹ́nu kan igbá, ó kàn fọ́ àwo ni, bí ẹni tínú ń bí. Ẹ̀gbẹ́ igbá ni àwo ti di ohun tí kò ní àtúnṣe, ẹ̀gbẹ́ àwo sì ni igbá ti di ohun tó ní in. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún wọn, torí pé nǹkan méjèèjì wà nílé kálukú wọn, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ wọn láti kékeré.

Ẹnì kan yóò bi mí pé: ṣé Saussure ò sọ pé kò sídìí kan tí ìró fi bá ohun tó ń dárúkọ mu? Ó sọ ọ́. Wọ́n máa ń fi àrokò bá a jiyàn, pé tiwa ní ìdí: ẹ̀fà ń fà, ẹ̀jọ jọ. Lọ́jọ́ ìdána yín, ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìdúró: obì á bi ibi sẹ́yìn, orógbó á jẹ́ kẹ́ ẹ gbó. Àwọn ọlọ́fọ̀ náà ò ní ohun èlò mìíràn ju èyí lọ. Mo gbà pé ìdí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí náà ò sí lára nǹkan. Kò sí ohun tó ń fà lára ìkarahun mẹ́fà. Inú èdè Yorùbá ni ẹ̀fà àti fà ti jọ ara wọn, wọn ò sì jọ ara wọn ní èdè Faransé tàbí ní Hausa. Ìdí tí wọ́n fi ní láti kọ àlàyé sí àrokò ọ̀gágun Ìjẹ̀bú lábẹ́ nìyẹn nígbà tó dé London: gbogbo ìkarahun ló pé, Yorùbá tó ń fa mẹ́fà ni kò bá wọn wọ ọkọ̀. Oyin àti iyọ̀ lórí tábìlì ìdána ni tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, adùn wọn ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe orúkọ wọn. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá lè mọ ohun tí oyin ń wí, kò lè mọ ti obì láé.

Claude Lévi-Strauss, onímọ̀ nípa àṣà ọmọ èèyàn, gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú èdè. Brussels ni wọ́n bí i sí ní 1908, ọmọ Faransé ni. Láti 1935 ló ti ń kọ́ni ní São Paulo ní Brazil, ó ń tibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Bororo àti Nambikwara. Nígbà ogun àgbáyé kejì tó sá lọ sí New York ló pàdé Jakobson, ìgbà tó sì di 1949 ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ẹbí àti ìgbéyàwó. Lójú tirẹ̀, ìgbéyàwó dà bí èdè, àwọn ìdílé ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn ìyàwó sì ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Àwọn obìnrin onímọ̀ ò jẹ́ kó sùn lórí èyí, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ kì í dá ara rẹ̀ sọ, obìnrin ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ka apá yẹn sétí ìyá yín.

Àléébù tó wà nínú ìmọ̀ ìhun gan-an nìyí lójú mi: kì í fẹ́ wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn ètò tó dúró sójú kan, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé, tí kò sí ẹni tó ń tún un ṣe. Àrokò ò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ tó gbé e wà lára rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yan oníṣẹ́. Ohun tó ti wà láàárín ẹni méjì tẹ́lẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ jọ ń ṣọ̀tá bá fi owó ẹyọ méjì tó kọjú síra ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá ó fẹ́ parí ìjà ni tàbí ó fẹ́ fi yín ṣẹ̀sín. Ètò ló sọ pé méjì tó dojú kọra jẹ́ ìrẹ́pọ̀. Bóyá kẹ́ ẹ gbà á gbọ́, ètò ò lè sọ ìyẹn.

Ó yá, káàdì yín. Káàdì ìpè kì í ṣe àrokò láàárín ẹ̀yin àti ọkọ yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń fi ránṣẹ́, àwọn àlejò lẹ fi í ránṣẹ́ sí. Bí ẹ bá wá ya mẹ́fà sí i, ẹni tó mọ àrokò kò ní kà á pé ọkàn ìyàwó fà sí ọkọ. Yóò kà á bí ọmọ ọba tí ọ̀gágun Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí ṣe ka tirẹ̀: à ń fà yín mọ́ra, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lójú tèmi, kò sí ohun tó bá káàdì ìpè mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni tó ń bá yín yà á ṣọ́ra o: méjì-méjì ni kó tò wọ́n, kí wọ́n kọjú síra. Mo ti rí aṣọ àti káàdì tí wọ́n ya owó ẹyọ sí tí gbogbo wọn kẹ̀yìn síra roboto, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rọrùn láti yà ju ẹnu tó ní eyín wẹ́wẹ́ lọ. Kí ó sì ya okùn náà. Mẹ́fà tó tú ká sára bébà, ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Tó bá jẹ́ ti ìfẹ́ lẹ fẹ́ sọ, ẹ sín mẹ́fà sí okùn òwú, kẹ́ ẹ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán kó gbé e lọ fún ọkọ yín. Ẹ rí i pé ó mọ̀ pé mẹ́jọ ni èsì, torí bí kò bá mọ̀, mẹ́fà yín náà ni yóò dá padà pẹ̀lú ẹ ṣeun.

Ti pásítọ̀ ló kù. Ohun tó ń wò ni àtẹ ẹẹ́rìndínlógún, ibẹ̀ ló ti mọ owó ẹyọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ náà. Ẹ lè ṣàlàyé fún un pé okùn àti ojú tó kọra wọn yà á sọ́tọ̀, pé a kì í sín ti àtẹ sókùn bẹ́ẹ̀, a kì í sì í tò ó ní méjì-méjì. Ó lè gbà, ó lè má gbà. Ẹ kò lè pàṣẹ fún àlejò pé inú ètò báyìí ni kó ti ka àmì yín, òun náà kò sì lè pàṣẹ ìyẹn fún yín. Ẹ lọ bá a sọ ọ́ ṣáájú kẹ́ ẹ tó sanwó ìtẹ̀wé.